Ìwé Ikú Tó Bí Ọgbà Ìgbafẹ́

1/ Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn rèé. Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Victoria Park. Ìwé tí wọ́n ń kọ ikú sí wà lára ohun tó bí i. Bẹ́ẹ̀ ni o, ìwé ikú.

2/ Ní July 1837, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú àwọn ará ìlú sílẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbójú lé. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìjọ, ó lè má sí níbẹ̀ rárá.

3/ Ìwé tuntun yìí tún ń béèrè ohun tó pa olóògbé. William Farr, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ló ń ṣírò rẹ̀. Ó fi àdúgbò kan wé èkejì: èèyàn mélòó ló ń gbébẹ̀, mélòó ló ń kú?

4/ Ẹ ò rí nǹkan! Ní Whitechapel àti Bethnal Green, níbi tí àwọn ahunṣọ àti lébìrà há mọ́ra wọn nínú ilé kótópó, ikú ń yára pa wọ́n ju àwọn olówó ìwọ̀ oòrùn lọ. Àwọn yẹn sì ní Hyde Park nítòsí.

5/ Lọ́dún 1839, Farr kọ ọ́ sínú ìròyìn ìjọba pé bí wọ́n bá ṣe ọgbà sí ìlà oòrùn, ó ṣeé ṣe kí ikú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dín kù lọ́dún.

6/ Àmọ́ ìṣirò nìkan kì í gbin igi. Lọ́dún 1840, 30,000 ará àdúgbò buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ọbabìnrin Victoria. Òfin jáde lọ́dún 1841. Wọ́n ta York House, wọ́n fowó rẹ̀ ra ilẹ̀. Nígbà tó di 1845, àwọn èèyàn ti ń wọ ọgbà.

7/ Ká sọ òótọ́, Farr ò mọ gbogbo ẹ̀. Ó gbà pé afẹ́fẹ́ búburú ló ń fa àìsàn. Nígbà tí kọ́lẹ́rà tún jà ní ìlà oòrùn lọ́dún 1866, omi ló gbé e wá, Farr fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó tú àṣírí náà. Ìṣirò fi ibi tí ìyà wà hàn wọ́n. Ìdí rẹ̀, wọ́n ṣì ní láti wá a.

8/ Tiwa ńkọ́? 2006 ni Nàìjíríà kànìyàn kẹ́yìn. Àjọ ìkànìyàn ní àwa ará Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9, ìjọba Èkó ní a ju mílíọ̀nù 17 lọ. Ìjà yẹn, owó àti àga ni. Mélòó nínú wa ló béèrè pé: ọmọdé mélòó ló wà ní Mushin, níbo ni wọ́n ti ń ṣeré?

9/ Orí títì ni. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, wọ́n á gbé òkúta tí wọ́n fi ṣe ilé gòólù kúrò, wọ́n á dúró kó kọjá. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2006 ti tó dìbò báyìí. Ẹni tí wọn ò kà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kà á sí?