Ta Ló Ń Pẹ̀tù sí Ìrora?

Bí ẹ bá lọ ra egbò lọ́wọ́ eléwé-ọmọ ní Ọjà Ọba, Ìlọrin, kò ní bi yín bóyá ẹ ní ìrora. Bó ṣe ń ṣe yín ni yóò béèrè: ṣé ó ń ro ni, àbí ó ń ta, ó ń gún, ó ń já? Orí ní í fọ́, inú ní í run, ẹ̀gbẹ́ ní í gún, ojú ọgbẹ́ ní í ta. Èdè wa ti pín ìrora sí ẹ̀yà kí dókítà tó dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́n wa ni àárín ibi tó ń dunni àti ọpọlọ.

Fún ẹni tó bá ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn nǹkan ibẹ̀, ọ̀rọ̀ "iṣan" ló kọ́kọ́ ń da nǹkan rú. Iṣan là ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan là ń pe okùn tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà là ń pe tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ. "Iṣan òjíṣẹ́" ì bá dára, àmọ́ ní Ìlọrin tí Òjíṣẹ́ ti jẹ́ orúkọ Ànábì, n kò ní fi ṣeré. "Iṣan ìmọ̀lára" ni mo mú.

Ní 1973, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Sweden fi hàn pé ojúkò kan wà nínú ọpọlọ tí mọ́fíìnì, tó ti inú oje òdòdó ọ́píọ̀mù wá, máa ń dì mọ́. Kí la fẹ́ pe ojúkò yẹn? "Agboògùn" wù mí, nítorí ó jọ àgbo létí. Ṣùgbọ́n ní 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz ní Aberdeen rí i pé ara fúnra rẹ̀ ń ṣe èròjà tó ń lọ dì mọ́ ibẹ̀. Ara kò gbé e síbẹ̀ de òdòdó kankan. Mo fi agboògùn sílẹ̀, mo mú "atẹ́wọ́gbà", bó tilẹ̀ rùn díẹ̀ bí ọ̀rọ̀ alágbe.

Gbogbo oògùn wọ̀nyí la sì ń sọ pé wọ́n ń "pa" ìrora. Ó bá áspírìnì mu díẹ̀. Láti ara èèpo igi willow ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ń dunni gan-an ló sì ti ń ṣiṣẹ́ jù: ó ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe èròjà tó ń mú ojú ibẹ̀ wú, gẹ́gẹ́ bí John Vane ṣe ṣàlàyé ní 1971. Mọ́fíìnì kò pa nǹkan kan. Ọgbẹ́ ṣì wà, ìròyìn rẹ̀ kàn ń dínkù lọ́nà ni. Èyí tó bá sì dé, ọpọlọ ò bínú sí i mọ́, bíi baálé ilé tí wọ́n ti pẹ̀tù sí nínú. "Oògùn ìpẹ̀tù" ni n ó máa pè é.

Igi ẹ̀gbẹ̀sì, tí Hausa ń pè ní tafashiya, ló wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ní 2013, ikọ̀ Michel De Waard ní Grenoble kéde pé àwọn rí tramadol nínú egbò rẹ̀ tí wọ́n wú ní Cameroon. Tramadol, oògùn ìrora tí ilé-iṣẹ́ Jámánì ṣe! Lọ́dún kejì, Michael Spiteller àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Dortmund já a: egbò àríwá Cameroon nìkan ló ní in. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń lo tramadol, wọ́n ń fún màlúù, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ gbé e wọlẹ̀, gbòǹgbò fà á mu. Ṣé ká pe irú egbò bẹ́ẹ̀ ní oògùn ìbílẹ̀ ni, àbí oògùn òyìnbó?

Orúkọ lè bo iṣẹ́ oògùn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Inú oje ọ́píọ̀mù kan náà ni kodíìnì wà, ẹ̀dọ̀ sì ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di mọ́fíìnì. "Oògùn ikọ́" ni wọ́n kọ sára ìgò. Ní oṣù kárùn-ún 2018, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de oògùn ikọ́ olómi tó ní kodíìnì, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn, sì ti ilé-iṣẹ́ oògùn mẹ́ta pa: ọ̀kan ní Èkó, méjì ní Ìlọrin níbí. Ẹni tó bá sọ ọ́ di mímu ojoojúmọ́, ìwọ̀n tó ràn án lánàá kò ní ràn án lónìí, bí kò bá sì rí i, gbogbo ara ni yóò máa ro ó. Ìyẹn ò ní ká ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan. Bárakú ni.