Láti Orí Ọ̀pá Dé Orí Sáìsì: Ìtàn Owó Aṣọ Alára Ńlá ní Ìkẹjà àti Agége

Láyé ìgbà tí òfì jẹ́ aṣọ iyì, àríyànjiyàn lórí bóyá ó yẹ kí alára ńlá san ju alára tẹ́ẹ́rẹ́ lọ kò lè pẹ́ lọ títí. Ahunṣọ a hun aṣọ ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Aránṣọ a kó wọn jọ, a rán wọn pọ̀ títí yóò fi tó ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó tóbi ra púpọ̀, ẹni tó kéré ra díẹ̀, ojú oníkálukú ló sì ṣe.

Ohun tó yí ọ̀ràn náà padà ni ẹni tó ń ra ìgàn. Bí oníbàárà bá ra aṣọ fúnra rẹ̀, ó mọ ohun tó sanwó lé. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ti rà á tó sì ti rán an, iye tí wọ́n kọ sí i lára nìkan ló kù fún un láti rí.

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó. Ó gba Agége kọjá, nígbà tó sì fi máa di 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Ìbàdàn. Agége di ìlú obì, owó obì sì ń ra aṣọ tó ti Manchester wá. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, telọ a sì gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ telọ títí dòní. Ìbú ankárá jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 45. Bí ìdí oníbàárà bá jẹ́ ínǹṣì 38, telọ lè gé iwájú àti ẹ̀yìn gáùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá jẹ́ 48, ìbú náà kò gba méjèèjì mọ́. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé iwájú lórí ìgàn, aṣọ tó ń bá a lọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìnáwó náà kì í rọra gòkè, ńṣe ló ń fò. Ẹni tí Èkó ń pè ní orobo mọ èyí, ó sì máa ń ra kún aṣọ ẹbí rẹ̀ láìbínú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1950 parí, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tó ń ṣàkóso Ìkẹjà àti Agége nígbà náà, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà. Níbẹ̀ ni Nigerian Textile Mills ti ń hun aṣọ lójú ọ̀nà Ọba Akran. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ìkẹjà sì di olú ìlú rẹ̀ ní 1976. Ní gbogbo àsìkò yìí, ọ̀pá ṣì ni wọ́n fi ń ta aṣọ.

Ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, náírà já wálẹ̀, ẹ̀yà ẹ̀rọ gbówó lórí. Iná mànàmáná kò dúró, aṣọ Ṣáínà sì ń ya wọlé. Ilé iṣẹ́ aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òkírìkà, ìyẹn aṣọ àlòkù, ló gba ààyè wọn. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kà á mọ́ ẹrù tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ ó ń gba Kùtọ̀nu wọlé, ọjà Katangua lápá Agége sì kún fún un. Ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń ta bèélì. Bí wọ́n bá tú u, wọ́n á ṣà á: èyí tó ṣì dà bíi tuntun lọ́tọ̀, èyí tó ti ṣá lọ́tọ̀. Bí aṣọ ti dára tó niye rẹ̀, kì í ṣe bó ti fẹ̀ tó.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2011, Ikeja City Mall ṣílẹ̀kùn ní Alausa, rẹ́dímeèdì sì di ohun tí a ń rà lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Àmọ́ ibòmíràn ni wọ́n ti bí sáìsì tó wà lọ́rùn ẹ̀wù. Ní 1939 sí 1940, ìjọba Amẹ́ríkà wọn ara àwọn obìnrin tó tó nǹkan bí 15,000, ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n sì lò. Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n sáìsì ọdún 1958 ti jáde, èyí tí wọ́n pa tì ní 1983.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé sáìsì ńlá, ìbínú dé. Ní 2014, àwọn oníbàárà ilé ìtajà aṣọ Old Navy ní Amẹ́ríkà fẹ̀hónú hàn pé jíǹsì obìnrin tó sanra wọ́n ju ti yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó sanra kò san àlékún kankan. Ní 2018, irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bá ilé ìtajà New Look ní Bìrìtìkó. Ní 2021, Old Navy sọ pé iye kan náà ni gbogbo sáìsì obìnrin.

Ṣọ́ọ̀bù ní ohun tó lè wí. Aṣọ púpọ̀ ló ń lọ sí i, páàtánì náà kò sì ṣeé fẹ̀ lásán, torí èjìká kì í fẹ̀ bí ikùn ṣe ń fẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé iṣẹ́, ìpele-ìpele ni wọ́n ń gé aṣọ, apá ẹ̀wù kékeré sì ń wọ àlàfo tí ẹ̀wù ńlá fi sílẹ̀, nítorí náà òfò ibẹ̀ kò tó ti orí tábìlì telọ. Pàtàkì jù ni pé sáìsì 8 àti sáìsì 16 ń san iye kan náà. Ẹni tó kéré ti ń bá ẹni tó tóbi gbé ẹrù láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí àjùmọ̀gbé náà fi ń dópin lójijì ní 18?

Òbí tó ń ra yunifọ́ọ̀mù gbà pé ti ọmọ ńlá wọ́n ju ti ọmọ kékeré lọ, torí owó náà ń gòkè láti sáìsì tó kéré jù. Ètò méjì ni ìtàn yìí fi lé wa lọ́wọ́: kí owó bá ọ̀pá rìn láti ìsàlẹ̀ dókè, kí ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà jẹ èrè rẹ̀, tàbí kó jẹ́ iye kan fún gbogbo sáìsì. Ṣọ́ọ̀bù tó bá kọ méjèèjì, tó sì fi owó lé ti orobo nìkan, kì í ṣe owó aṣọ ló ń gbà. Owó ìtànràn lórí ara ẹni ni.