Ìta Òpó Ẹgba ní Ìlú Bahia

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí jẹ mọ́ ìta kan ní òkèèrè, níbi tí àwọn àlejò máa ń jókòó sí láti mu ọtí tàbí omi àgbọn. Ẹ lè bi mí pé, kí ni èyí fi kan ìtàn? Ẹ fara balẹ̀. Ibẹ̀ kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò.

Ìlú náà ni Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl. Àwọn Pọtogí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1549, òun sì ni olú-ìlú Bràsíl títí di ọdún 1763. Apá kan ìlú náà wà lórí òkè, apá kejì wà nísàlẹ̀ létí òkun, níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Lórí òkè yìí ni àdúgbò tí à ń pè ní Pelourinho wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta ni wọ́n sì tẹ́ sí i. Àwọn ilé alájà tí a kùn ní oríṣìíríṣìí àwọ̀ fara kọ́ra yí ìta náà ká. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn tí ń ta oúnjẹ a gbé tábìlì àti àga jáde, àwọn àlejò a jókòó, wọn a máa wo àwọn tí ń kọjá, wọn a sì máa gbọ́ ìlù.

Ṣùgbọ́n kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà? Ní èdè Pọtogí, pelourinho ni òpó tí a ń de ènìyàn mọ́ láti nà án ní gbangba. Ní ayé àtijọ́, irú òpó bẹ́ẹ̀ a máa dúró láàrin ìlú gẹ́gẹ́ bí àmì àṣẹ ọba. Ní Bahia, ẹ̀yìn ẹrú ni ẹgba rẹ̀ ń bà jù. Wọ́n gbé òpó náà láti ìta kan dé òmíràn kí ó tó wá dúró ní àdúgbò yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òpó ti lọ, orúkọ kò lọ.

Ta ni àwọn ẹrú wọ̀nyí? Oríṣìíríṣìí ẹ̀yà ni wọ́n. Àwọn kan wá láti Àǹgólà, àwọn kan láti Dàhòmì, àwọn kan jẹ́ Hausa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wó, tí ogun sì gba ilẹ̀ wa kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó dé ibẹ̀. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Tábà tí a gbìn ní Bahia, tí a fi omi dídùn ìrèké pa lára, ni àwọn oníṣòwò ń kó wá sí etíkun wa láti fi ra ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo inú ife tí ó wà níwájú àlejò yẹn. Ọtí tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni cachaça, ọtí tí a ń pọn láti inú omi ìrèké. Wọn a gún ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ṣúgà, wọn a da ọtí náà sí i, wọn a sì fi omi dídì sí i. Ó dùn mu. Ṣùgbọ́n nítorí ìrèké ni wọ́n ṣe kó ọ̀pọ̀ àwọn baba wa kọjá òkun. Àwọn ni wọ́n ń gé e lóko, àwọn ni wọ́n ń lọ̀ ọ́, àwọn ni wọ́n ń dúró ti ìkòkò gbígbóná lóru.

Wọn kò gba ìyà náà bẹ́ẹ̀. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù January, ọdún 1835, nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti ra ara wọn padà dìde ogun ní ìgboro Salvador. Wọ́n tó 600. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá Mùsùlùmí. Àwọn ará Bahia ń pè wọ́n ní Malê, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ wa, Ìmàle. Ìjọba borí wọn. Àwọn tí ó kú lé ní 70. Wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n na àwọn mìíràn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgba ní gbangba, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà. Ọdún 1888 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo Bràsíl.

Nínú ìta kan náà ni ìjọ Màríà Onírósárì ti àwọn Aláwọ̀dúdú wà. Àwọn ẹrú àti ọmọ wọn ni wọ́n fi owó ara wọn àti ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nítorí pé wọ́n fẹ́ ilé ìsìn tí yóò jẹ́ tiwọn. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, ìlù sì ń dún nínú rẹ̀ ní ọjọ́ Tuesday.

Nígbà tí àwọn ọlọ́rọ̀ kó kúrò ní àdúgbò náà, àwọn tálákà kó wọlé, ìdílé púpọ̀ nínú ilé kan, ilé sì ń wó. Ní 1985, àjọ UNESCO kọ àdúgbò náà mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Láti 1992 ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé wọ̀nyí ṣe. Iṣẹ́ náà dára lójú, ṣùgbọ́n wọ́n fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ní owó díẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ. Ọmọ àwọn tí wọ́n nà ní òpó ni púpọ̀ nínú wọn. Ilé wọn di ilé ìtura àti ilé ọtí fún àlejò. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a tún ilé ṣe, kí a sì lé onílé?

Síbẹ̀ wọn kò lè lé gbogbo wa. Ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì yẹn, obìnrin aláṣọ funfun kan jókòó ti agbada. Ẹ̀wà ló lọ̀, epo pupa ló fi ń dín in. Acarajé ni ó ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ pe ọ̀rọ̀ náà sókè: àkàrà, jẹ! Ní 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn aláràkà wọ̀nyí sínú ìwé ohun ìní orílẹ̀-èdè.

Ẹnì kan lè sọ pé kò yẹ kí a mu ọtí níbi tí a ti na baba ẹni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ìta tí kò sí ẹni tí ń jókòó níbẹ̀ ni ènìyàn ń tètè gbàgbé. Ohun tí ó burú ni kí a jókòó láìbéèrè ohun tí orúkọ ibẹ̀ ń jẹ́, kí a sì kọjá lára aláràkà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Àwa náà ní tiwa nítòsí. Nínú àwọn tí ó ti Bràsíl padà wálé ni a ti rí àwọn ará Pópó Àgùdà ní Èkó, àwọn káfíńtà àti bíríkìlà ọlọ́gbọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó ṣe iṣẹ́ Mọ́ṣáláṣí Ṣítà tí a ṣí ní 1894. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Nítorí náà, ìta tí ẹ ń gbà kọjá lọ sí ilé-ìwé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ó dìgbà kan ná.