Ìrànlọ́wọ́ Ológun

Ìrànlọ́wọ́ ológun ni ohun ìjà, ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ràn tí ìjọba kan fi ń ti ìjọba tàbí ajàjàgbara ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn. Kì í ṣe pé ìjọba náà ń bá wọn ja ogun wọn. Láti 1950 ni Ṣáínà ti ń kó ìbọn ránṣẹ́ sí Viet Minh, ẹgbẹ́ tí àwọn kọ́múníìsì ń darí ní Vietnam. Púpọ̀ nínú àgbá tí Viet Minh fi lu àwọn Faransé tí wọ́n ń bá jagun, ní ogun Dien Bien Phu lọ́dún 1954, ọ̀dọ̀ Ṣáínà ló ti wá. Àwọn kan á ní ìránṣẹ́ Ṣáínà lásán ni Viet Minh. N ò gbà: Giap, ọ̀gágun Viet Minh, ló sún ìkọlù tí wọ́n ti ṣètò sí oṣù Ṣẹẹrẹ síwájú, àwọn ará abúlé ló sì ń ti kẹ̀kẹ́ tó ru ìrẹsì gun òkè. Síbẹ̀, ẹni tó fúnni níbọn á lóhùn nínú ọ̀rọ̀: ní ìpàdé àlàáfíà ní Geneva, Ṣáínà wà lára àwọn tó rọ Viet Minh kí wọ́n gbà kí a pín Vietnam sí méjì.