MỌ́SÁLÁSÍ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó KỌ́ Ọ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ÌTÀN

 

Bí a ti péjọ lónìí láti dá owó fún kíkọ́ mọ́sálásí wa, ó yẹ kí á rántí pé kì í ṣe búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì nìkan ni à ń tò jọ. Irú ènìyàn tí a jẹ́, ohun tí ojú wa ti rí àti ohun tí a kà sí pàtàkì ni yóò hàn lára ilé náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Ànábì dé Mọ̀dínà ní ọdún 622, mọ́sálásí tí òun àti àwọn Sàhábà fi ọwọ́ ara wọn kọ́ kò ní ilé gogoro rárá. Bíríkì amọ̀ tí a sá sí oòrùn ni ògiri rẹ̀, ìtì ọ̀pẹ dàbínù ni òpó rẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ náà ni wọ́n sì fi bò ó. Bí òjò bá rọ̀, a máa jò. Ànábì ti forí kanlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀ rí. Síbẹ̀, àwọn aláìní tí wọ́n ṣí wá láìní ilé rí ibòji kan gbé ní ẹ̀yìn mọ́sálásí náà. Àwọn ni à ń pè ní Ahlu Suffah. Ìtì ọ̀pẹ ni Ànábì ń fara tì ṣe hùtúbà, kí obìnrin kan ará Mọ̀dínà tó ní kí ẹrú òun tí ó jẹ́ káfíńtà kan mínbárì fún un. Àwọn aláìní ní ààyè níbẹ̀, a sì gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin.

Kí á wá sí ilẹ̀ wa. Yorùbá ni àwọn òbí Mohammed Shitta. Òwò ẹrú ni ó gbé wọn kúrò nílé, wọ́n rí òmìnira ní Sàró, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Nígbà tí ó padà sílé, ó ṣòwò, ó là, ó sì fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́sálásí ní Èkó. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọ̀làjú sí ti onígbàgbọ́ nìkan, nítorí ọwọ́ àwọn Míṣọ́nnárì ni ilé-ìwé wà. Mọ́sálásí náà ni Shitta fi dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 tí wọ́n ṣí i, Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀, àwọn gbajúmọ̀ onígbàgbọ́ náà sì wá. Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, Abdul Hamid Kejì, rán Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní Liverpool, láti ṣojú rẹ̀. Oyè Bey tí Sultan fi dá Shitta lọ́lá ni a fi ń pe mọ́sálásí náà ní Shitta-Bey títí di òní.

Ta ni ó bójú tó iṣẹ́ ilé náà? João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì wá. Ẹ rántí pé ní oṣù Ràmàdáánì ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jẹ́ ẹrú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìde sí ìjọba ní ìlú Salvador ní Bahia. Lẹ́yìn náà, wọ́n lé àwọn kan jáde, àwọn mìíràn sì fi ẹsẹ̀ ara wọn padà sí Èkó, Wídà àti Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ bíríkìlà àti ti káfíńtà tí wọ́n kọ́ ní ìgbèkùn bá wọn wálé. Ìdí nìyí tí iwájú Mọ́sálásí Ńlá àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè ṣì í pè. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni wọ́n fi sin Ọlọ́hun.

Nígbà tí ó yá, tí ọkọ̀ òfúrufú ń kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Hájì, ojú wọn rí ohun mìíràn. Mọ́sálásí Gbogbogbò Èkó tí wọ́n ṣí ní 1913 di wíwó ní 1983. Èyí tí wọ́n ṣí ní 1988 rọ́pò rẹ̀ ní òrùlé roboto àti ilé gogoro bí ti ilẹ̀ Lárúbáwá.

Àwa ńkọ́? Àwọn kan ní kí á kọ́kọ́ gbé ilé gogoro méjì dúró, kí ará ọ̀nà lè máa rí wa. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n abẹ́ tapólì ni àwọn ìyá wa ti ń kírun. Bí òjò bá ṣú, àwọn ọmọ kéwú a gbé wàláà wọn sáré. Omi inú kẹ́ẹ̀gì ni a fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí owó àkọ́kọ́ lọ sí kànga, sí ààyè obìnrin tí ó ní òrùlé àti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, àti sí yàrá kéwú. Lẹ́yìn èyí, kí ilé gogoro tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ wa ni yóò wo ilé yìí lọ́la, tí wọn yóò sì sọ irú ènìyàn tí a jẹ́.

Bí ẹni bíi Shitta Bey bá wà láàrin wa lónìí, kí ó dìde. Bí kò bá sí, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ní Mọ̀dínà. Kí Ọlọ́hun gba ìnáwó wa ní ìjọ́sìn, kí Ó fi ilé tí ó dára jù èyí lọ san án fún wa ní Àlùjánnà. Àmín.