Ọ̀dú Kì Í Ṣe Àìmọ̀ Fólóko: Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀fọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

"Ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko" ni òwe tí wọ́n máa ń pa nípa ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn débi pé kò sídìí láti tún máa júwe rẹ̀. Ọ̀dú inú òwe náà kò dúró de àgbẹ̀ kó tó hù. Nígbà òjò, fúnra rẹ̀ ló ń yọ létí oko, lórí ààtàn, nínú ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi. Olóko tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ: ó mọ ìgbà tí ewé rẹ̀ dùn, ó mọ ìgbà tó ń korò, ó sì mọ èyí tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fi sẹ́nu. Irú ìmọ̀ yìí ló yẹ kó bá ohun tí yàrá àyẹ̀wò rí nínú ewé rìn pọ̀, torí ọ̀kan kò tó láìsí èkejì.

Ọ̀dú àti àwọn ẹ̀fọ́ mìíràn tó ń hù fúnra wọn, bíi yánrin, ẹ̀bọ̀lọ̀, gbúre, tẹ̀tẹ̀ àti wọ̀rọ̀wọ́ jọ ní irin, kálísíọ̀mù, fítámì C, beta-carotene tí ara ń sọ di fítámì A, àti oríṣiríṣi polyphenol. Mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n ń pè ní antioxidant. Bí ara ṣe ń fi ọ́síjìn yọ agbára jáde nínú oúnjẹ, àwọn mólékù kan a máa jáde tí electron wọn kò pé. Irú mólékù bẹ́ẹ̀ ń já electron gbà lára ọ̀rá, púrótéènì tàbí DNA tó bá wà nítòsí, èyí tó já a gbà lára rẹ̀ a sì bàjẹ́. Antioxidant ń yọ̀ǹda electron tirẹ̀ kí ìjàgbà náà lè dáwọ́ dúró. Ewé gan-an ló kọ́kọ́ nílò rẹ̀, torí ìtànṣán oòrùn ń dá irú mólékù wọ̀nyẹn sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọ̀ tó sọ èso ọ̀dú tó pọ́n di dúdú, anthocyanin ni, òun náà sì jẹ́ antioxidant.

Láti ibí ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé bí antioxidant bá ṣe pọ̀ tó ni àìsàn yóò ṣe jìnnà tó. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Finland, ìwádìí kan kó ọkùnrin tó ń mu sìgá jọ, wọ́n lé ní 29,000, wọ́n sì fún apá kan wọn ní oògùn oníhóró beta-carotene. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó. Lọ́dún 2012, ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà yọ àtẹ tó gbé jáde lórí agbára antioxidant inú oúnjẹ kúrò, torí àwọn oníṣòwò ń fi í polówó ọjà, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò kò tó ẹ̀rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú ara. Iyì ẹ̀fọ́ kò tìtorí èyí dín kù. Hóró oògùn kan ṣoṣo kò lè kó gbogbo ohun tó wà nínú ewé pọ̀.

Ọ̀dú náà gba ìṣọ́ra. Solanine àti àwọn ìbátan rẹ̀, májèlé tí ewéko fi ń lé kòkòrò, pọ̀ nínú èso rẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Májèlé náà lè fa èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, iná ìdáná kì í sì í pa á run. Ọ̀mùnú ewé ló dára láti já, kí wọ́n bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì da omi rẹ̀ nù. Ẹ̀bọ̀lọ̀ ní májèlé kan tó ń jẹ́ jacobine, tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bó bá pọ̀. Kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́.

Ní ti ewúro, tó ń gbé inú igbó tó sì ń gbé ẹ̀yìnkùlé, kíkorò rẹ̀ gan-an ni oògùn. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1987, ní àwọn òkè Mahale ní Tanzania, olùwádìí Michael Huffman àti Mohamedi Seifu Kalunde tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí abo ìnàkí kan tára rẹ̀ kò yá. Ó bó èèpo ẹ̀ka ewúro, ó jẹ inú rẹ̀ lẹ́nu, ó fa omi kíkorò náà mu, ó sì tu háríhá rẹ̀ dànù. Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń yá. Àwọn ará Tongwe tó ń gbé ibẹ̀ ń lo igi kan náà fún aràn àti inú rírun. Ẹni tó bá fọ ewúro títí tí kò fi ní hó mọ́ ti rí ẹ̀fọ́ tó dùn, àmọ́ díẹ̀ nínú oògùn náà ti bá omi lọ.

Ibi ìdáná ni ìṣirò ti le jù. Gbúre àti tẹ̀tẹ̀ ní oxalate, tó ń di kálísíọ̀mù mú kí ara má lè lò ó, tó sì lè dá kún òkúta inú kíndìnrín. Bíbọ̀ ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ; fítámì C náà ń bá omi kan náà lọ. Nítorí náà, kí omi ti hó kí ewé tó wọ inú rẹ̀, kó má sì pẹ́ níbẹ̀. Kán-ún ń jẹ́ kí ewé tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ó ń yára pa fítámì C. Beta-carotene ní tirẹ̀ kì í yọ́ nínú omi, inú epo ló ń yọ́. Epo pupa inú ẹ̀fọ́ rírò ló ń ràn án lọ́wọ́ láti wọnú ara, ó sì tún ń mú beta-carotene àti fítámì E tirẹ̀ wá. Ata tí kò pẹ́ lórí iná ní fítámì C tó ń mú kí ara gba irin inú ewé dáadáa.

Ó ku ibi tí wọ́n ti já ewé. Ewéko etí títì àti ti ààtàn ìlú ńlá lè fa òjé àti cadmium láti inú ilẹ̀, èyí tó hù nínú oko tí wọ́n fín oògùn apakoríko sí sì lè gbé májèlé náà sára. Omi lè fọ eruku orí ewé kúrò; èyí tí gbòǹgbò ti fà wọlé kò ṣeé fọ̀.