Kẹ̀kẹ́ Àfọwọ́ṣe Tí Àwọn Aláṣẹ Kọ̀: Ìtàn Graeme Obree

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ọjà a máa dí ọ̀nà mìíràn pa. Ìtàn Graeme Obree, ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi èyí hàn kedere.

Ìdánwò kan wà nínú eré kẹ̀kẹ́: kí ènìyàn kan ṣoṣo wa kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan gbáko, kí a sì wọn bí ó ti lọ jìnnà tó. Láti ọdún 1984 ni Francesco Moser, ará Ítálì, ti di ipò kìíní mú pẹ̀lú kìlómítà 51.151. Obree, ẹni tí ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kógbá sílé, tí gbèsè sì wọ̀ lọ́rùn, pinnu láti gba ipò náà.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá oníkẹ̀kẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe kẹ̀kẹ́ tí yóò jẹ́ kí ó ká apá mọ́ abẹ́ àyà. Ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì súnmọ́ ara wọn, ó sì yọ irin òkè kúrò kí ó má baà kọlu orúnkún. Béárìn ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ó fi sí ibi tí pẹ́dà ti ń yí. Old Faithful ni ó sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, ọdún 1993, ní Hamar ní ilẹ̀ Norway, ó gun ẹ̀dà kẹ̀kẹ́ náà tí ẹlòmíràn ṣe, kò sì rọ́wọ́ mú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó sì rin kìlómítà 51.596. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, Chris Boardman gba ipò náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, Obree gbà á padà pẹ̀lú kìlómítà 52.713.

Ní ọdún 1994 kan náà, níbi ìdíje àgbáyé ní Ítálì, UCI, ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, fòfin de ìjókòó rẹ̀. Wákàtí kan ṣáájú eré ni ó tó gbọ́. Ó kọ̀ láti yí i padà, wọ́n sì lé e kúrò nínú ìdíje. Ó tún gbé ọ̀nà tuntun dé, ó na apá síwájú gbọọrọ, ó sì di akọni àgbáyé ní Kòlóḿbíà ní ọdún 1995. Nígbà tí ó yá, wọ́n fòfin de ìyẹn pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, UCI padà sí kìlómítà 49.431 tí Eddy Merckx rìn ní ọdún 1972.

Àwọn aláṣẹ ní agbára ènìyàn ni àwọn fẹ́ wọ̀n, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Owó kọ́ ni Obree fi borí, nítorí kò ní in. Bí òfin bá fẹ́ mú olówó àti tálákà dọ́gba, ọgbọ́n tálákà kọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tì síta.